Àárọ̀ Tí Bàbá Adéjọbí Lóṣòó

Títí dòní, bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì tó ń gbé ní Òkèṣà, n'Íléṣà, tí ẹ dárúkọ olóògbé Bàbá Barnabas Adéjọbí, ẹ̀rín ni wọ́n máa kọ́kọ́ fi dá yín lóhùn. Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan á bi yín pé, "Ṣé ẹ ti gbọ́ ti àárọ̀ tí bàbá lóṣòó?" Ẹ má ṣe ní ẹ ti gbọ́ ọ o. Bí ẹ ti gbọ́ ọ, bí ẹ kò gbọ́ ọ, wọ́n á sọ ọ́.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni, ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́. Rẹ̀mílẹ́kún, ọmọ Ọ̀fàtẹ̀dó lẹ́bàá Òṣogbo, tó gba yàrá nílé bàbá, rọra ṣílẹ̀kùn, ó gbé báàgì dání. Ọjọ́ náà gan-an ló yẹ kó wọ ọsibítù fún ìgbà àkọ́kọ́, láti lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì lára aláìsàn tó ń mí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe aṣọ funfun ló wọ̀. Aṣọ ìrìnàjò ló wọ̀, gáréèjì Òṣogbo ló sì fẹ́ kọjú sí. Kò tíì gbé ẹsẹ̀ kejì tó fi rí bàbá tó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà, ó dé fìlà, ó ń wò ó bí ẹni tó ń wo ọjà tó fẹ́ ná.

"Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Níbo là ń lọ?"

"Mo... mo fẹ́ sáré lọ kí màmá mi ni, sà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Fo orí mi kọjá."

Ta ló máa fo orí àgbàlagbà kọjá? Rẹ̀mílẹ́kún padà sínú yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Bàbá kò mira.

Ẹni tí kò bá mọ Ìjẹ̀ṣà lè rò pé orí bàbá ti yí ni. Kò yí. Òṣómàáló ni bàbá nígbà tí agbára wà. Àwọn òṣómàáló, Ìjẹ̀ṣà oníṣòwò tó ń gbé aṣọ kiri láti ìlú dé ìlú ni wọ́n, wọ́n á tà á láwìn, wọ́n á ní àwọn ń padà bọ̀. Bí oníbàárà bá wá ń fòní dónìí, fọ̀la dọ́la, òṣómàáló kò ní jà, kò ní bú u. Á kàn lóṣòó síwájú ilé rẹ̀ ni, kò sì ní dìde títí ojú á fi ti onítọ̀hún lójú aládùúgbò. Bàbá ti fi òwò aṣọ sílẹ̀ tipẹ́tipẹ́, ṣùgbọ́n kò fi òṣó sílẹ̀. Ó lóṣòó ti káfíńtà tó gbàgbé àga rẹ̀. Ó lóṣòó ti ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wọn nígbà tí wọ́n kọ̀ láti kọ orin tó fẹ́ràn. Ìyàwó rẹ̀, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, máa ń sọ pé òṣó náà ló fi fẹ́ òun: ó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ilé wọn títí bàbá òun fi ní kí ọkùnrin náà máa mú òun lọ, kí àwọn yòókù lè ríbi kọjá.

Kí ló wá dé tí Rẹ̀mílẹ́kún fi ń sá? Ẹ̀rù ni. Ọmọ náà mọ̀wé o. Bí ẹ bá bi í léèrè ohun tó wà nínú ara èèyàn, á kà á fún yín láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ó ti ya fọ́tò nínú aṣọ funfun, ó ti gbé e sórí fóònù, gbogbo ẹbí ti kí i kú oríire. Ìgbà tí wọ́n wá sọ pé ó yá, ẹ máa bọ̀ ní wọ́ọ̀dù, ló bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà ilé. Ìyá rẹ̀ fi òróró àdúrà ránṣẹ́ láti Ọ̀fàtẹ̀dó. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ kan, tí kò fẹsẹ̀ tẹ ọsibítù rí àfi lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, fi ohùn gígùn ránṣẹ́ lórí fóònù pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Àwọn tó ti ṣáájú ní iléèwé ló ba ti ẹ̀ jẹ́ pátápátá. Wọ́n ní Sísítà Tóyọ̀sí ló ń ṣolórí wọ́ọ̀dù tí wọ́n ń gbé e lọ, wọ́n ní obìnrin náà kì í rẹ́rìn-ín. Bí ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ bá gbọ̀n níwájú rẹ̀, ilé lonítọ̀hún ń lọ. Ẹni tí kò bá sì yọjú lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó di ọdún tó ń bọ̀ kó tó rí àyè. Ó sì jẹ́ pé ọwọ́ gan-an ni ìṣòro Rẹ̀mílẹ́kún. Bí ẹ̀rù bá ti bà á, ọwọ́ méjèèjì á máa gbọ̀n, kò ní lè fi bọtìnnì sí ihò.

Bàbá gbọ́ sí i ní ọjọ́ Sátidé. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́, ó ní òun á kọ́ ọ. Ó nà gbalaja sórí bẹ́ńṣì láàárín ọgbà.

"Ó yá, nọ́ọ̀sì. Aláìsàn dé."

"Ẹ ǹlẹ́ sà. Kí ló ń ṣe yín, Bàbá?"

"Gbogbo rẹ̀."

"Gbogbo kí ni?"

"Ibà, ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, inú rírun. Mo sì ń rọbí."

"Háà, Bàbá! Ẹ̀yin kọ́ lẹ lè máa rọbí."

"Èmi àbí ùwọ, ta ló ń jẹ̀rora? Gbà mí o! Ó ti ń bọ̀ o! Yéè!"

Ohùn bàbá kì í ṣe ohùn kékeré. Òkìkí dé ọ̀ọ́kán, níbi tí Ìyá Julianah àti àwọn ìyá àdúrà ti ń ṣe ìpàdé. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n já wọgbà pẹ̀lú agogo. "Ta ló ń rọbí?" Bàbá kò ṣí ojú. "Èmi ni. Ẹ gbàdúrà, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ náà fẹ́ fi ẹsẹ̀ wáyé." Àwọn ìyá di ojú, wọ́n gbóhùn sókè, wọ́n lé ọ̀tá, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn. Wọ́n ti ṣe àmín kí Ìyá Julianah tó rántí ẹni tó wà lórí bẹ́ńṣì.

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò rẹ́rìn-ín, bàbá fúnra rẹ̀. Bàbá ti ní kí Rẹ̀mílẹ́kún di ọwọ́ òun mú, kó wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń lù, ó sì gbọ́ bí àwọn ìka náà ṣe ń gbọ̀n lára òun. Aláìsàn àwàdà lásán nìyẹn! Bàbá kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ó ti bá àwọn tó ń sá pàdé rí nínú òwò. Ó mọ̀ pé ọmọ yìí á dìde lọ́jọ́ Ajé kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa.

Ìdí nìyẹn tó fi ṣáájú rẹ̀ jí. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá. "Bàbá, ẹ kú ìjókòó. Ta ló jẹ yín lówó?"

"Ọmọ inú ulé yìí ni," bàbá dáhùn. "Kì í ṣe èmi ló jẹ. Àwọn aláìsàn ló jẹ ní nọ́ọ̀sì kan."

Ìyá Julianah gbé ògì gbígbóná àti àkàrà wá fún un, ó mu ún lórí òṣó. Akeem ọlọ́kadà, tí bàbá ti bá sọ ọ́ sílẹ̀ pé kó wá gbé ọmọ náà lọ sí ọsibítù, dúró lójú ọ̀nà, ó ń fọn fèrè. Nígbà tó yá, a gbọ́ ohùn kékeré láti inú yàrá.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n."

"Jẹ́ kó máa gbọ̀n. Gbé e dání bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ jọ lọ."

"Tí wọ́n bá lé mi ńkọ́?"

"O ò tíì débẹ̀ ná. Ta ló máa lé ẹni tí kò wá?"

Nígbà tí ilẹ̀kùn tún máa ṣí, aṣọ funfun ni Rẹ̀mílẹ́kún wọ̀, ojú rẹ̀ ti wú fún ẹkún. Bàbá ní, "Ó káre, ọmọ ọ̀ mi," ó fọwọ́ ti ilẹ̀ láti dìde. Kò lè dìde. Ó tún gbìyànjú, ó sì figbe ta. "Orúnkún mi! Orúnkún mi ti há!"

Rẹ̀mílẹ́kún ju báàgì nù. Ó kúnlẹ̀, ó fi apá bàbá kọ́ ọrùn, ó rọra gbé e jókòó. Ó na ẹsẹ̀ náà díẹ̀díẹ̀, ó ń fọwọ́ ra á. "Màmá, ẹ bá mi wá omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́ àti aṣọ ìnura. Akeem, yéé fọn fèrè yẹn! Bàbá, ẹ má fún ara yín pọ̀, ẹ mí dáadáa." A kò gbọ́ irú ohùn yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí. Kódà Ìyá Julianah sáré, obìnrin tí kì í sáré fún ẹnikẹ́ni àfi fún Ọlọ́run.

Nígbà tó yá, bàbá ní, "Wo ọwọ́ rẹ."

Ó wò ó. Kò gbọ̀n.

Bàbá bá dìde fùú, ó gbọn ṣòkòtò rẹ̀ nù, ó wọlé lọ parí àkàrà rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni àdúgbò ti pín sí méjì. Àwọn kan ní orúnkún bàbá há lóòótọ́. Àwọn yòókù ní irọ́ ni, pé bó ṣe rọbí ní Sátidé náà ló ṣe há ní ọjọ́ Ajé.

Akeem fi eré gbé Rẹ̀mílẹ́kún dé ọsibítù, díẹ̀ ló kù kó pẹ́. Sísítà Tóyọ̀sí dúró lẹ́nu wọ́ọ̀dù, ó wò ó láti òkè délẹ̀. Rẹ̀mílẹ́kún dúró de ohun tí wọ́n ti sọ fún un. Obìnrin náà ní, "Ṣé o ti jẹun?"

Ẹ má rò pé ìgboyà pọ̀ lára bàbá fúnra rẹ̀ o. Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Rẹ̀mílẹ́kún kò tíì kúrò ní wọ́ọ̀dù náà tí ibà fi gbé bàbá débẹ̀ tọwọ́tẹsẹ̀, ìgbà yẹn la tó mọ̀ pé kò sí ohun tí bàbá bẹ̀rù láyé tó abẹ́rẹ́. Dókítà ní kó gbà á láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Bàbá di ṣòkòtò mú.

"Ẹ bá mi yọ ti ìrọ̀lẹ́ kúrò, ká fi ti àárọ̀ ṣe é."

"Bàbá, a kì í ná abẹ́rẹ́," Sísítà Tóyọ̀sí ní.

"Kí ni wọn kì í ná? Mo ti ná aṣọ dé Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, kò sẹ́ni tó lé mi. Ó dáa, ẹ fún ẹni orí bẹ́ẹ̀dì tó tẹ̀ lé mi ní ìdajì tèmi. Mo fi ta á lọ́rẹ."

Ẹni orí bẹ́ẹ̀dì náà ní òun ò gbà. Nígbà náà ni Rẹ̀mílẹ́kún mú sírínjì, ó rìn dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì lóṣòó sílẹ̀ nínú aṣọ funfun. Bàbá wò ó. Gbogbo wọ́ọ̀dù wò ó.

"Títí dìgbà wo?" bàbá bi í.

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀, sà."

"Ta ló kọ́ ọ nírú ìwàkiwà yìí?" Ṣùgbọ́n ó ti ń yí ẹ̀yìn padà. Sísítà Tóyọ̀sí, tí wọ́n ní kì í rẹ́rìn-ín, ní láti jáde síta.

Rẹ̀mílẹ́kún parí ẹ̀kọ́, ó rí iṣẹ́ l'Óṣogbo, ṣùgbọ́n kò yé wá kí bàbá. Nígbà tí ara àgbà wá dé, tí bàbá kò lè jáde mọ́, òun ló ń wá wẹ̀ fún un bó bá ní àyè. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ń fi òróró ra ẹsẹ̀ rẹ̀, ó bi í pé, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òótọ́. Lọ́jọ́ yẹn, ṣé orúnkún yín há?"

Bàbá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò lágbára mọ́. "Ọmọ mi, òṣómàáló kì í sọ iye tó ra aṣọ."

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ló sùn tí kò jí. A sunkún rẹ̀. Kí ni ká máa fi pa mọ́? Ilé náà ṣófo, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ṣófo jù.

Lọ́dún tó kọjá, Ìyá Julianah pe Rẹ̀mílẹ́kún lórí fóònù. Ó ní ọmọ tuntun kan ti gba yàrá tó gbé rí, Ìdùnnú lorúkọ rẹ̀, ó ní ọmọ náà á bẹ̀rẹ̀ ní ọsibítù lọ́la, ó sì ti di ẹrù rẹ̀. Rẹ̀mílẹ́kún kò béèrè ọ̀rọ̀ kejì. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó kúrò l'Óṣogbo láàárọ̀ ló wọ̀. Nígbà tí Ìdùnnú ṣílẹ̀kùn tòun ti báàgì, ó bá nọ́ọ̀sì kan tí kò mọ̀ rí, tó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, omi lójú, ẹ̀rín lẹ́nu.

Ó pẹ́ kí Ìdùnnú tó jáde nínú aṣọ funfun. Rẹ̀mílẹ́kún wo ọwọ́ ọmọ náà, ó rí bó ṣe ń gbọ̀n. Ó fọwọ́ ti ilẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ dìde, ó sì figbe ta.

"Yéè! Àbúrò, jọ̀ọ́, gbà mí. Orúnkún mi ti há."