Sìgá Tí Ìyàwó Mi Lọ Rà Láìwọ Bàtà

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni parọ́ fún yín jàre: ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáwọ́ nínú sìgá kì í ṣe èèyàn. Èmi ò ṣe èèyàn ní tèmi. Ogún ọdún ni mo fi fa sìgá, láti ìgbà tí mo ti kúrò l'Ékìtì wá ṣiṣẹ́ tíṣà l'Ékòó, títí a fi kó wá sí Ayọ̀bọ̀. Ìyàwó mi ló gbààwẹ̀ ọjọ́ mọ́kànlélógún kí n lè fi í sílẹ̀. Lọ́jọ́ tí ààwẹ̀ náà pé, mo ju páálí tó kù lápò mi sínú ṣáláńgá. Obìnrin náà jó, ó sunkún, ó tún jó.

Ọjọ́ kẹta ni ojú mi rí màbo. Orí ń fọ́ mi, ọwọ́ mi ń gbọ̀n bíi ti ẹni tí ibà ń ṣe. Mo lè jí láàárọ̀ kí inú mi dùn, kí n máa kọrin, kí n gbá gbogbo àgbàlá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ mí. Kó tó di ọ̀sán, ìró ṣíbí lásán lára abọ́ á fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kí n fọ́ ilé. Ìgbà mìíràn ẹkún á dé sí mi níwájú àwọn ọmọ kíláàsì, màá sì máa nu ojú bí ẹni pé ṣọ́ọ̀kì ló kó sí i. Ṣé ẹ rò pé mo sọ fún ìyàwó mi pé àìrí sìgá fà ló ń bá mi jà? Rárá o.

Ohun tó dí mi lẹ́nu ni ìjẹ́rìí tí mo jẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Aládùúrà ni wá, aláṣọ funfun. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá ń mu sìgá kò gbọdọ̀ wọ sùtánà, ẹni tó bá sì ti wọ sùtánà kì í wọ bàtà. Lọ́jọ́ Ìsinmi tí wọ́n fún mi ní tèmi, mo dìde níwájú ìjọ, mo ní láti ọjọ́ tí Ọlọ́run ti gbà mí, òórùn sìgá gan-an ń rí mi lára. Irọ́ funfun báláú! Ọjọ́ tó ṣáájú ni mo tẹ̀lé ọkùnrin kan tó ń fa sìgá kúrò ní ibùdókọ̀ Command, mò ń rìn lẹ́yìn rẹ̀ kí èéfín ṣáà lè kàn mí nímú. Ìjọ pariwo Halelúyà, wọ́n fi mí ṣe àpẹẹrẹ. Ẹni tí wọ́n ti fi ṣe àpẹẹrẹ, báwo ló ṣe fẹ́ délé kó ní ó ṣì ń wu òun?

Ìyàwó mi ni mo wá fi gbogbo rẹ̀ jẹ níyà. Iyọ̀ pọ̀, mo bú u. Iyọ̀ ò tó, mo bú u. Ó rẹ́rìn-ín, mo ní ta ló ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó dákẹ́, mo ní ó ń bá mi yan odì. Kí n má parọ́, ó ń dùn mọ́ mi. Bí mo bá ti rí i tí ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì, ara á tù mí díẹ̀, àfi bíi pé mo fa sìgá kan. Ìkà ni mí, mo mọ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, oṣù méjì lẹ́yìn tí mo jáwọ́, a ti wọ sùtánà tán, a fẹ́ máa lọ sí ìsìn. Ó ń gbé abọ́ tánganran tí mo fi mu ògì kúrò lórí tábìlì, ni abọ́ bá já bọ́, ó fọ́ yángá.

Mo ní, "Ọwọ́ tí kò rí ọmọ gbé rí, ṣé abọ́ ló máa wá mọ̀ ọ́n gbé?"

Ọdún kọkànlá tí a fẹ́ra nìyẹn, a ò tíì bímọ. Àwọn ẹbí mi ti sọ irú ẹ̀ rí, èmi ni mo sì máa ń lé wọn jáde. Èmi fúnra mi ò fi bú u rí, àfi ọjọ́ yẹn. Ẹyin lohùn, àwọn àgbà ò purọ́. Abọ́ yẹn ṣì ṣeé gbá kúrò nílẹ̀.

Ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó gbá àfọ́kù náà, ó dà á nù, ó jáde. Mo rò pé ó ti ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì níwájú mi. Kò pẹ́ tó fi wọlé padà, sùtánà lọ́rùn, ẹrẹ̀ Ayọ̀bọ̀ dé kókósẹ̀. Páálí sìgá kan àti ìṣáná ló gbé síwájú mi, irú èyí tí mo máa ń fà gan-an. Ó ti lọ dúró sí ìsọ̀ àbókí ní ìkòríta, nínú aṣọ funfun, láìwọ bàtà, ó ra sìgá níṣojú gbogbo ẹni tó ń lọ sí ìsìn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mu ún," ó ní. "Mo ti ní kí Ọlọ́run má ka ààwẹ̀ mi sí mọ́. Èéfín yín ò pè mí ní àgàn rí."

Mi ò mu ún. Ìgbéraga ò jẹ́. A lọ sí ìsìn, àwa méjèèjì.

Kí ìsìn tó parí, ìròyìn ti dé etí wòlíì wa. Wọ́n pe àwa méjèèjì síwájú àwọn àgbà ìjọ, wọ́n bi í pé ta ló ra sìgá fún. Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Wòlíì kọjú sí mi: "Tíṣà, ẹ̀yin tí Ọlọ́run ti gbà, àbí ẹ̀yin lẹ rán an?"

"Rárá o, ẹ̀yin bàbá," mo ní. "Mi ò rán an."

Òótọ́ ni, ṣebí mi ò rán an? Bí mo ṣe tan ara mi jẹ nìyẹn. Gbólóhùn kan péré ló kù kí n fi kún un kí ìyàwó mi bọ́. Ẹnu mi tí kì í dákẹ́ nílé, ó dákẹ́.

Wòlíì mi orí. Ó ní ó ti yé òun: ẹ̀mí sìgá tó jáde lára ọkọ kò rí ibi tó máa gbé, inú ìyàwó tó ṣófo ló lọ wọ̀. Gbogbo wọn ní, "Hẹ̀n-ẹ́n!" Wọ́n ní kó bọ́ sùtánà fún oṣù mẹ́ta, kó máa jókòó lẹ́yìn pátápátá. Ó bọ́ ọ níbẹ̀, ó ká a, ó fà á lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n ní kó kúnlẹ̀. Wọ́n ní kí èmi gbọ́wọ́ lé e lórí, torí èmi ni mo ti ṣẹ́gun ẹ̀mí náà.

Mo gbọ́wọ́ lé e. Ọwọ́ ọ̀hún ń gbọ̀n, gbogbo ara mi ń béèrè sìgá. Mo rò pé á gbójú sókè, á tú àṣírí mi, ó sì tọ́ sí mi. Ó sọ̀rọ̀ lóòótọ́, àmọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni, èmi nìkan ni mo gbọ́.

"Ẹ tẹ ọwọ́ yín mọ́ mi lórí dáadáa. Ó ń gbọ̀n. Wọ́n máa rí i."

Mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lórí, mo dijú, mo sì gbàdúrà fún un títí gbogbo wọn fi ṣe àmín.