Ọjọ́ Tí Wọ́n Mú Màmá Mi Nítorí Omi

Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọdébìnrin ní Anoumabo, nílẹ̀ àwọn tó ń sọ Faransé, ìdí ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo ni gbogbo àdúgbò wa ti ń pọnmi. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ni àwa ọmọ yóò ti to garawa tẹ̀ léra wọn, a ó sì máa ta tẹ́ń-tẹ́ń títí yóò fi kàn wá. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà kò ní gbàgbé bí òórùn ẹja díndín ṣe máa ń gba àdúgbò kan lówùúrọ̀, tí itọ́ á máa dà lẹ́nu wa.

Lọ́dún kan, omi dá. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ìkejì kọjá, a kò rí ẹ̀kán. Màmá mi, ọmọ Ìgbòho tó ń ta abọ́ lọ́jà, bá kó àwọn ìyá àdúgbò jọ, Yorùbá àti àwọn ẹ̀yà mìíràn bíi Dyula àti Ebrié. Wọ́n gbé garawa òfìfo, wọ́n lọ jókòó síwájú mẹ́rì, ilé iṣẹ́ àwọn tó ń ṣàkóso àdúgbò. Wọ́n ń kọrin, wọ́n ń lu garawa. Mo tẹ̀ lé wọn, inú mi ń dùn bí ẹni pé ọdún Iléyá ni. Ìdùnnú yẹn wọ̀ mí lára jù, mo ju òkúta, gíláàsì fèrèsé kan sì fọ́ yángá.

Ọlọ́pàá dé. Wọ́n ní Màmá ni olórí wọn, wọ́n mú un lọ. Ẹ̀sùn rẹ̀ ni "trouble à l'ordre public", pé ó da ìlú rú. N kò sọ ohun tí mo ṣe fún ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ mẹ́ta ni mi ò fi lè jẹun dáadáa.

Mísíọ̀ Jeróòmù, olùkọ́ ará Benin tó bá wa gbélé, ló mú mi lọ sí kóòtù, torí òun ni yóò túmọ̀ èdè fún Màmá. Obìnrin ni adájọ́.

"Ìyá, ta ni ẹ lù?"

"Garawa mi ni mo lù, Màdáàmù."

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín.

"Ṣé ẹ dí ọ̀nà?"

"Rárá o. Ẹni tó fẹ́ kọjá ń kọjá."

"Gíláàsì ńkọ́?"

Màmá wò mí fìrí, ó sì gbójú kúrò. Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé ó ti rí mi lọ́jọ́ yẹn. Mo dìde.

"Èmi ni mo jù ú."

Adájọ́ ní, "Ariwo ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ kì í ṣe dída ìlú rú. Òkúta ni òfin ń bá wí, ọmọdé ló sì jù ú." Ó dá Màmá sílẹ̀, ó ní kí ó tún gíláàsì náà ṣe.

Nílé, mo kúnlẹ̀, mo nawọ́ sókè títí apá mi fi kú. Màmá ní, "Díẹ̀ ló kù kí òkúta rẹ sọ ẹ̀tọ́ wa di ẹ̀bi." Lẹ́yìn náà ló pè mí kí n wá bá òun jẹun nínú abọ́ òun. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, omi wá.

Màmá ti dolóògbé báyìí. Bingerville, tí kò jìnnà sí Anoumabo, ni mò ń gbé, ẹ̀rọ omi sì wà nínú ilé mi. Bí omi bá dá lónìí, oníkálukú á ti géètì rẹ̀, á máa fi fóònù ráhùn. Àwọn ọmọ mi gbọ́ Yorùbá, Faransé ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn. Ọdún mẹ́fà rèé tí èmi àti obìnrin tó ń gbé ilé kejì ti jọ ń lo ògiri kan, n kò tíì mọ orúkọ rẹ̀.