Ọ̀sẹ̀ Tó Kan Uswat

Uswat kì í ṣe oníjàngbọ̀n. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ilé-iṣẹ́ bisikíìtì kan ní Àgídìngbì ló sì ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí òun àti obìnrin mẹ́ta mìíràn ti ń to bisikíìtì sínú páálí láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́. Ìbílọlá ni àgbà wọn. Stella wà níbẹ̀, àti Yẹ́misí ọmọ Ìjẹ̀bú, ẹni tí Uswat fẹ́ràn jù nínú wọn.

Tẹ́tẹ́ ńlá kan wà tí ẹni tó bá jẹ ẹ́ kò ní gba owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Oṣooṣù ni wọn yóò máa san án fún un, fún ọgbọ̀n ọdún. Owó oṣù láìṣiṣẹ́, ta ni kò fẹ́? Àwọn mẹ́rin yìí bá sọ ọ́ di àjọ. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń dáwó, tí wọ́n ń fi ra tíkẹ́ẹ̀tì kan ní orúkọ ẹni tó bá kàn. Bí tíkẹ́ẹ̀tì náà bá jẹ, tirẹ̀ ni. Òfin àjọ yòókù kò yí padà: ẹni tó bá ti kó kò gbọ́dọ̀ dáwọ́ dúró títí yóò fi kárí. Ẹ bá mi wo àwọn obìnrin wọ̀nyí, owó tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí ni wọ́n ń to ara wọn lẹ́sẹẹsẹ dè.

Ọ̀sẹ̀ tí à ń sọ yìí, Uswat ló kàn. Yẹ́misí wá bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n ṣe pààrọ̀, nítorí òun máa lọ sílé lọ́sẹ̀ tí yóò kan òun gan-an, ẹ̀rù sì ń ba òun kí wọ́n má lọ fo òun. Uswat ní kò burú. Nínú àjọ, ta ni kì í ṣe pààrọ̀?

Lọ́jọ́ Sátidé, tíkẹ́ẹ̀tì Yẹ́misí jẹ.

Lọ́jọ́ Ajé, Yẹ́misí kò wá síbi iṣẹ́. Wọ́n pè é, fóònù rẹ̀ kò lọ. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kò wá. Bisikíìtì ń fọ́ mọ́ Uswat lọ́wọ́, alábòójútó ń pariwo mọ́ ọn, kò gbọ́. Stella ní kí wọ́n lọ fẹjọ́ sùn ní tẹ́ṣàn. Ìbílọlá ní ẹjọ́ wo, ṣebí Uswat fẹnu ara rẹ̀ gbà. Òtítọ́ ni, òtítọ́ ọ̀hún ló sì ń dùn ún. Kò lè sọ ọ́ nílé pàápàá, torí Abdulkabir ọkọ rẹ̀, tó ń tún fóònù ṣe ní Computer Village, kò fẹ́ gbọ́ orúkọ tẹ́tẹ́ sétí. Haráámù ni lójú rẹ̀. Inú ń bí Uswat, ẹ̀rù sì ń bà á.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ara rẹ̀ kò gbà á mọ́. Ó wọ balùwẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó gbé fóònù sẹ́nu, ó sì fi ohùn ránṣẹ́ sórí WhatsApp àjọ wọn: "Yẹ́misí, olè ni ẹ́. Ohun tó o jí gbé lọ́wọ́ mi, o ò ní jẹ ẹ́ gbádùn."

Lọ́jọ́rú, wọ́n ń jẹun ọ̀sán lọ́wọ́ nígbà tí Yẹ́misí wọlé. Ojú rẹ̀ wú. Uswat dìde, ó ti múra ìjà. Yẹ́misí kí Ìbílọlá, ó sì yíjú sí Uswat.

"Àwọn onítẹ́tẹ́ ní kí n pa fóònù títí wọ́n á fi yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò tán," ó ní. "Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kọ orúkọ àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n ní orúkọ èmi nìkan ni. Àárọ̀ yìí ni mo tó tan fóònù. Mo gbọ́ ohùn tó o fi ránṣẹ́."

Yẹ́misí gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀.

"Àmọ́ àjọ ò tíì kárí. Mo ti jẹ, mi ò sì lè dáwọ́ dúró. Bí wọ́n bá ṣe ń san án lóṣooṣù, bẹ́ẹ̀ náà la ó ṣe máa kó o lọ́kọ̀ọ̀kan. Oṣù àkọ́kọ́, ìwọ ló kàn, Uswat."

Ìbílọlá bú sẹ́kún. Stella dì mọ́ Yẹ́misí. Uswat jókòó padà. Ohun tó ń gbàdúrà fún láti ọjọ́ Sátidé ló tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ yìí, ojú sì ń tì í débi pé ì bá wù ú kí wọ́n fo òun. Ó fa fóònù yọ lábẹ́ tábìlì, ó wá ohùn ọjọ́ àná kàn, ó sì pa á rẹ́. Gbogbo wọn ti gbọ́ ọ.