Akọ̀wé Ti Tán, Ó Ku Ajíṣefínní

"Ìyá, ẹ bu Akọ̀wé kan fún mi, kó gbóná dáadáa."

Ọlọ́kadà kan ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó ti jókòó sórí bẹ́ńṣì kó tó lanu sọ̀rọ̀, eruku ọ̀nà Ìgbòho ṣì pọ́n ní ìpéǹpéjú rẹ̀. Ìyá Onítíì ṣí agolo kan, wọ́n yọjú wo inú rẹ̀, wọ́n sì fi ìka gbá ìdí rẹ̀ kó lè dá wọn lójú.

"Akọ̀wé ti tán," ni wọ́n wí. "Ó ku Ajíṣefínní. Ẹ̀yínfúnjowó náà wà."

Bàbá mi ń kọjá lọ sí ilé-ìwé tó ti ń ṣe tíṣà. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ìwé abẹ́ apá rẹ̀ na ara rẹ̀ láyà. Ó ní, "Èmi tí mo dúró síbí yìí náà ni mo ti tán?" Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín, nítorí bàbá mi gan-an ni Akọ̀wé. Ìyá Onítíì kúnlẹ̀ kí i tẹ̀ríntẹ̀rín, wọ́n ní kí ọkọ àwọn má bínú, àwọn á tún un pò kó tó ti ilé-ìwé dé.

Ṣọ́ọ̀bù náà kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Yàrá tó wà níwájú agboolé wa ní Ṣakí ni, èyí tó dojú kọ ọ̀nà ọjà. Bẹ́ńṣì méjì ló wà níbẹ̀ àti tábìlì kan tí wọ́n fi òkúta tì lẹ́sẹ̀. Ààrò èédú wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kẹ́tùlù dúdú ńlá kan sì máa ń wà lórí rẹ̀ látàárọ̀, tí á máa hó, tí á máa sọ̀rọ̀ sínú ara rẹ̀. Lásìkò ọyẹ́, nígbà tí ètè gbogbo èèyàn bá ti bó, kì í sí àyè ìjókòó. Àwọn tó ń lọ sóko, àwọn tó ń kó iṣu lọ sọ́jà, àwọn awakọ̀ tó ti bodè dé, gbogbo wọn á fún ara wọn mọ́ bẹ́ńṣì, wọ́n á di ife mú lọ́wọ́ méjèèjì. Ilé á kún fún òórùn kànáfùrù àti ewé tíì, òórùn náà á sì wọ aṣọ ilé-ìwé mi débi pé àwọn ẹgbẹ́ mi ní kíláàsì máa ń gbóòórùn mi kí n tó wọlé.

Bàbá bàbá mi fẹ́ Ìyá Onítíì nígbà tí àwọn méjèèjì ti dàgbà. Ìyá tó bí bàbá mi ti kú tipẹ́. Ọmọ Ìgànná ni Ìyá Onítíì. Ọkọ tí wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ ló kú sí Òkè Ọya, níbi tí wọ́n ti jọ ń ta tíì. Wọn ò bímọ. Nígbà tí wọ́n wọ ilé wa, àpótí aṣọ kan àti kẹ́tùlù dúdú yẹn ni ẹrù ìyàwó.

Ní ilé wa, ìyàwó kì í pe ẹni tó bá nílé lórúkọ. Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá bí sínú agboolé ṣáájú ọjọ́ tó wọlé, ọkọ rẹ̀ ni, ì báà ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin, ì báà ṣe àgbà tàbí ọmọ ọwọ́. Ó gbọ́dọ̀ wá orúkọ ìnagijẹ fún un, kó sì máa fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀. Ẹni tí wọ́n bá bí lẹ́yìn tó dé, ọmọ rẹ̀ nìyẹn, ó lè pe orúkọ rẹ̀ bó ṣe wù ú. Àwọn ìyàwó yòókù ń ṣe é nítorí pé àṣà ni. Ìyá Onítíì ní tiwọn sọ ọ́ di ọjà.

Gbogbo ọkọ wọn ló ní tíì tirẹ̀. Akọ̀wé ni ewé tíì tí wọ́n sá lórí àpáta títí tó fi gbẹ ráúráú, pẹ̀lú kànáfùrù àti ṣúgà díẹ̀, kí oorun má baà gbé bàbá mi lọ nídìí ìwé. Àbúrò bàbá mi tó fẹ́ràn afẹ́ ni Ajíṣefínní. Ìṣápá pupa àti atalẹ̀ ni tirẹ̀, ó pọ́n bí ẹni kun ètè. Ẹ̀yínfúnjowó ni àǹtí bàbá mi tí inú máa ń run. Efinrin àti òrombó wẹ́wẹ́ ni wọ́n pò fún un. Ìyá máa ń tọrọ aṣọ àlòkù lọ́wọ́ olúkúlùkù, wọ́n á ya ìrépé kan lára rẹ̀, wọ́n á so ó mọ́ ọrùn agolo rẹ̀. Wọn ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n wọn ò ṣi agolo mú rí. Àwọn oníbàárà tí kò mọ ẹnì kankan nínú agboolé wa á jókòó, wọ́n á máa sọ pé Ajíṣefínní ta wọ́n lẹ́nu, pé Ẹ̀yínfúnjowó àná dùn ju tòní lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń rá kòrò lọ́jọ́ tí wọ́n gbé Ìyá wọlé. Rírá kòrò yẹn ló fi jogún orúkọ àti agolo. Bàbá Kékeré lorúkọ rẹ̀, mílíìkì àti oyin ló sì pọ̀ jù nínú tíì rẹ̀, atalẹ̀ kàn fẹnu bà á ni. Ìyá máa ń kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀, ọmọ tí ikun ń ṣàn nímú rẹ̀! Ọdún kejì tí wọ́n dé ni wọ́n bí mi. Èmi ò ní orúkọ ìnagijẹ, èmi ò ní agolo, mi ò sì ní tíì.

Kò sí ohun tó dùn mí tó bẹ́ẹ̀ ní kékeré mi. Ẹ̀gbọ́n mi á gbé ife rẹ̀ sókè, á fa tíì mu kó lè dún létí mi, á ní, "Ìwọ ńkọ́? Kí lorúkọ tìẹ?" Lọ́jọ́ kan mo lọ bá Ìyá níbi tí wọ́n ti ń gún atalẹ̀.

"Ìyá, tèmi dà?"

"Kí ni tìẹ?"

"Tíì mi."

Wọ́n gbé ọmọ odó sílẹ̀. "Àwọn wọ̀nyẹn ló ṣáájú mi délé. Ẹnu mi ò gbọdọ̀ kan orúkọ wọn. Ìwọ, èmi ni mo gbà ọ́ lọ́wọ́ agbẹ̀bí. Mo ní orúkọ rẹ lẹ́nu, o tún fẹ́ kí n bu ọ́ sínú agolo?"

Èsì yẹn ò tẹ́ mi lọ́rùn rárá. Orúkọ tí wọ́n ní lẹ́nu yẹn ti sú mi. Láti ìgbà tí wọ́n bá ti dáná títí wọ́n á fi pa á, òun ni wọ́n ń pè. Wá fọ ife. Wá bá mi gé ewé tíì lẹ́yìnkùlé. Wá di búrẹ́dì yìí fún Àlàájì. Nígbà mìíràn màá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn gan-an, orí mi á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìgbúnwọ́ wọn, wọ́n á sì tún pe orúkọ náà, wọ́n á fà á gùn bí ìgbà tí èèyàn ń pe ẹni tó wà lóko.

"Ìyá, mo wà níbí."

"Mo mọ̀. Mo kàn pè ọ́ ni."

Inú á bí mi. Màá sún ẹnu síwájú.

Nígbà tó yá, mo pinnu láti ran ara mi lọ́wọ́. Mo mú abẹ, mo gé etí aṣọ Iléyá mi, aṣọ aláwọ̀ ewé tí bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ rán fún mi, mo gbé ìrépé rẹ̀ fún Ìyá pé aṣọ ti wà, ó ku agolo. Ìyá tó bí mi nà mí lọ́jọ́ náà débi tí mo fi gbàgbé ohun tí mo ń wá. Ìyá Onítíì ló gbà mí sílẹ̀. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Lẹ́yìn náà wọ́n mú ìrépé aṣọ náà, wọ́n sọ "Bísímílàhì," wọ́n sì wé e mọ́ ọwọ́ kẹ́tùlù dúdú, kó má baà máa jó wọn. Mo tún sunkún tuntun. Lójú mi, wọ́n ti fi aṣọ Iléyá mi ṣe àkísà ìdáná.

Mo dàgbà, mo lọ kàwé ní Ìbàdàn, mo sì ti ibẹ̀ lọ sílé ọkọ ní Ìlọrin. Èmi náà wá di ìyàwó. Èmi náà ń wá orúkọ tí màá máa pe ọmọ tí mo lè pọ̀n, mò ń ṣọ́ ẹnu mi láàárọ̀, mò ń ṣọ́ ọ lálẹ́. Nígbà náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi pé nínú gbogbo agboolé wa ńlá yẹn, ọ̀dọ̀ àwa ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn nìkan ni Ìyá ti lè tú ẹnu wọn sílẹ̀. Mo ní màá sọ ọ́ fún wọn bí mo bá délé. Tí wọ́n bá pè mí lórí fóònù, wọ́n á kígbe orúkọ mi débi pé màá gbé fóònù jìnnà sí etí, ọkọ mi á máa rẹ́rìn-ín. Mi ò sọ ọ́ lórí fóònù. Ó dà bí ọ̀rọ̀ tó yẹ kí a jókòó sọ.

Ẹ̀gbọ́n mi ló pè mí pé, "Ìyá ti ń ṣe ségesège o. Wọ́n fi iyọ̀ sínú Akọ̀wé lánàá. Wá wò wọ́n." Mo ní mò ń bọ̀. Àwọn ọmọ ń ṣe ìdánwò, mo ní kí wọ́n parí rẹ̀. Òjò dé, wọ́n ní ọ̀nà Ìgbòho ti bàjẹ́, mo ní kí ilẹ̀ gbẹ. Báyìí ni mo ṣe ń bọ̀, tí mi ò dé, títí Iléyá fi dé.

Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, Ìyá jókòó sórí bẹ́ńṣì níwájú ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ti pa ọjà tì, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì to àwọn agolo sórí tábìlì, aṣọ ọrùn wọn ti ṣá. Wọ́n rí mi. Wọ́n di bẹ́ńṣì mú, wọ́n dìde, wọ́n sì rọra fi orúnkún méjèèjì kanlẹ̀, orúnkún tí mo ti fi òrí pa fún wọn láìmọye ìgbà.

"Ẹ káàbọ̀, ọkọ mi. Ṣé àlàáfíà lẹ dé?"

Mo ju báàgì sílẹ̀, èmi náà kúnlẹ̀. Àwa méjèèjì wá wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú ara wa, ẹran Iléyá ń ké lẹ́yìn ilé.

"Ìyá, èmi ni." Mo pe orúkọ ara mi.

Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu. "Èèwọ̀! Ẹ má fi í sí mi lẹ́nu. Ìyàwó ni mí nínú ilé yìí."

Ẹ̀gbọ́n mi jáde síta, ó fà wọ́n dìde. "Ìyá, lẹ́yìn tẹ́ ẹ dé ni wọ́n bí i. Ẹ̀yin náà lẹ gbà á lọ́wọ́ agbẹ̀bí."

Wọ́n wò ó, wọ́n rẹ́rìn-ín sí i. "Bàbá Kékeré, ẹ kúkú máa fi mí ṣeré." Wọ́n yí padà sí mi, wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n ń wá ohun tí wọ́n máa pè mí. "Adúmáadán," ni wọ́n wí. "Adúmáadán ni màá máa pè yín. Ṣé ẹ ní tíì?"

"Mi ò ní, Ìyá."

"Há! Báwo lẹ ṣe wá ń ṣe é látọjọ́ yìí?"

Wọ́n ní kí ẹ̀gbọ́n mi dáná. Wọ́n tọrọ ìborùn mi, wọ́n ya ìrépé lára rẹ̀, wọ́n so ó mọ́ agolo òfìfo kan. Wọ́n bu ewé tíì, wọ́n bu ìṣápá, wọ́n fi ìka méjì mú kànáfùrù, wọ́n dúró díẹ̀, wọ́n dá ọ̀kan padà. Mo ń retí iyọ̀. Wọn ò fọwọ́ kàn án. Nígbà tí omi hó, wọ́n gbé kẹ́tùlù, mo sì rí ohun tí wọ́n fi dì í mú. Aṣọ Iléyá mi ni. Ó ti dú, kò sí àwọ̀ ewé kankan lára rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi òwú rán an mọ́ra lọ́pọ̀ ìgbà, òwú funfun lórí òwú pupa. Gbogbo ife tí wọ́n bu fún gbogbo ayé láti ìgbà náà, òun ni ọwọ́ wọn kọ́kọ́ dì mú.

Tíì náà dùn. Kò sí èyí tó dùn tó o nínú gbogbo agolo yẹn, mo sì ti tọ́ gbogbo wọn wò. Ẹkún ò jẹ́ kí n mu ún tán. Ohun tí mo fi gbogbo kékeré mi wá ti tẹ̀ mí lọ́wọ́, mi ò sì fẹ́ ẹ mọ́. Ká ní wọ́n kígbe orúkọ mi kí n wá fọ ife, ǹ bá fò dìde.

Mo lo gbogbo ọ̀sẹ̀ ọdún náà níbẹ̀, mò ń jókòó tì wọ́n, mò ń dúró de orúkọ mi. Adúmáadán ni wọ́n ń pè mí, pẹ̀lú "ẹ," pẹ̀lú ìkúnlẹ̀. Mo sọ ọ̀rọ̀ tí mo ti ní lọ́kàn fún wọn. Wọ́n fetí sílẹ̀ bí èèyàn ṣe ń fetí sí àlejò pàtàkì, wọ́n ní mo ṣeun. Wọ́n kú kí iṣu tuntun tó jáde lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ó ń dùn mí títí di òní pé ọ̀rọ̀ náà pẹ́ lẹ́nu mi. Ká ní mo ti tètè dé, ǹ bá ṣì bá orúkọ mi lẹ́nu wọn.

Agolo Adúmáadán náà wà nílé ìdáná mi ní Ìlọrin. Mi ò ṣí i. Ewé tíì wà lẹ́yìnkùlé wa, mo sì máa ń sè é láàárọ̀ ọyẹ́. Lọ́jọ́ kan báyìí, mò ń bù ú, ọmọ mi obìnrin jókòó ti ẹsẹ̀ mi, ó ń tẹ fóònù. Mo pe orúkọ rẹ̀, mo fà á gùn.

Kò gbójú sókè. "Màmá, mo wà níbí."

Mo ní, "Mo mọ̀. Mo kàn pè ọ́ ni."