Ẹ̀rọ Tí Kò Mọ̀ Pé Omi Ń Padà Sẹ́yìn

Nígbà tí GSM ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, àwọn kan gbà mí ní Festac pé kí n máa bá wọn di okùn mú nínú odò ẹ̀yìn Abúlé Adó. Wọ́n ń wọn bí omi ṣe ń sáré, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá kí wọ́n fẹ gọ́tà abẹ́ títì. Baba kan láti ìdílé onílẹ̀ ló ń gbé létí odò náà, òjò sì máa ń ká a mọ́lé lọ́dọọdún. Ọsàn ni Baba fi ń wọn odò tirẹ̀: á jù ú sómi, á máa bá a rìn létí odò, á máa ka ìṣísẹ̀ rẹ̀.

"Baba, ọsàn kì í ṣe sáyẹ́ǹsì o," ni ọ̀gá wa wí, ọkùnrin tó wọ bùútù rọ́bà tuntun tí kò fẹ́ kó kan ẹrẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo fi ilé ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì kẹta náà bá wọn rẹ́rìn-ín.

Irin tí wọ́n to ife kéékèèké sí yíká ni tiwọn. Bí omi bá ṣe ń yí i, á máa dún tá-tá-tá sí ọ̀gá létí, òun náà á máa kà á. Irin ọlọ́gbọ́n! Ibi yòówù kí omi ti wá, bákan náà ni ife ń yí. Nígbà tó di ọ̀sán, omi ọ̀sà kún, ó wọ inú odò. Omi mu mí dé ìbàdí, ó ń tì mí sí apá ilé Baba. Ọsàn tí Baba jù gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó ń padà sílé.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, omi ń padà o!"

"Ẹ lọ jókòó, Baba." Ojú ọ̀gá ò kúrò nínú ìwé. "Ó ń jáde dáadáa." Ó pè mí: "Àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Kì í ṣe ẹ̀rù. Mo fẹ́ jọ wọ́n ni. Mi ò fẹ́ kí wọ́n kà mí mọ́ ọlọ́sàn. Wọ́n kọ ọ́ pé omi ń jáde, wọn ò fẹ gọ́tà kankan. Òjò ọdún náà wọ yàrá Baba dé orí bẹ́ẹ̀dì.

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, àwọn mìíràn gbé ọkọ̀ ojú omi kékeré kan dé, kò ju abọ́ ìfọṣọ lọ. Ó ń rán ohùn sínú omi, kọ̀ǹpútà ń sọ ibi tí omi ń lọ. Wọ́n pariwo bí ẹni rí wúrà: "Omi yìí ń padà sẹ́yìn!" Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin alákọ̀wé.

Mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún Baba, mo ní mo rí i lọ́jọ́ náà.

"Mo mọ̀ pé o rí i. Ìwọ lo wà nínú omi." Kò ṣépè. Ó ní kí n wá bá òun gbé bẹ́ẹ̀dì lé orí búlọ́ọ̀kù, torí òjò ti ṣú.