Ojú Oórì tó Wà Lẹ́bàá Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Wa

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí eyín iwájú mi méjèèjì ti ká tí òmíràn kò sì tíì hù, yàrá kan ṣoṣo ni àwa mẹ́fà ń gbé ní àárín ìlú Ìkìrun. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ ń kùn pé yàrá yín kò ní ju fèrèsé kan lọ, ẹ fetí sílẹ̀. Bàbá mi àti ìyá mi ló ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì, àwa ọmọ mẹ́rin wà lórí ẹní nílẹ̀, bí ẹnì kan bá sì fẹ́ yí ẹ̀gbẹ́ padà, gbogbo wa la jọ ń yí i. Ìdílé márùn-ún ló ń lo ilé ìdáná kan. Ìyá mi kì í ṣe oníjà, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí wọn kì í bá ẹnì kan fa ọ̀rọ̀ ààrò. Ohun tí wọ́n ń bẹ Ọlọ́run fún kò ju ilé lọ. Kó kéré, kó wà lẹ́yìn ìlú, kó ṣá ti jẹ́ tiwọn, kí wọ́n lè gbé ìkòkò kaná nígbà tó bá wù wọ́n.

Tíṣà ni bàbá mi, ẹ sì mọ̀ pé owó tíṣà kì í pẹ́ lọ́wọ́. Ilé àárín ìlú kò ṣeé bèèrè. Nígbà tó yá, ẹnì kan tí wọ́n jọ ń kọ́ni sọ fún wọn pé ilé kan wà fún títà lẹ́yìn ìlú Inísà, nítòsí ojú irin rélùwéè, níbi tó jẹ́ pé ilé mélòó kan àti oko àgbàdo ló wà nígbà náà. Yàrá mẹ́rin ni, páànù wà lórí rẹ̀, kànga wà lẹ́yìn rẹ̀. Owó pọ́ọ́kú ni wọ́n ń pè é, débi tí bàbá mi fi rò pé wọ́n ń fi àwọn ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

Gbogbo wa la lọ wò ó ní ọjọ́ Sátidé kan. Kí bàbá mi tó kí onílé tán, àwa ọmọ ti pín yàrá. Èyí tó kọjú sí ojú irin ni mo mú, mo sì ń fò sókè nínú rẹ̀ bí ẹni tó jogún ààfin. Ìyá mi nìkan ni kò wọlé. Wọ́n dúró lẹ́bàá ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń wo sìmẹ́ǹtì gbọọrọ kan tó wà lábẹ́ igi máńgòrò. Bàbá ọkùnrin tó ń ta ilé ni wọ́n sin síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ẹni tó ti wá wò ó ṣáájú wa fi ń padà sẹ́yìn.

Ẹ má rò pé òkú ni ìyá mi ń bẹ̀rù o. Ọ̀rọ̀ wọn jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nílẹ̀ wa, ibi tí a bá sin bàbá ẹni sí ni ilé ẹni, ẹ̀rí wo ló tún ju ojú oórì lọ? Nígbà tí a padà délé, wọ́n ní, "Tíṣà, ẹ lè fi gbogbo owó yín ra ilé yẹn, àlejò la máa jẹ́ níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí ọmọ olókùú kan bá dìde, tó ní ibi tí bàbá òun sùn sí rèé, kí lẹ fẹ́ fi dá a lóhùn? Ìwé?"

"Ìyá àwọn ọmọ, kò síbòmíràn tí owó wa ká o."

"Kí wọ́n hú bàbá wọn lọ nígbà náà. Bí wọn ò bá hú u, mi ò lọ."

Ọkùnrin náà gbà. Bàbá mi sanwó, a kó ẹrù wa wá sí Inísà, a sì fi àdéhùn sí ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀lé e pé àwọn lébìrà yóò wá gbẹ́ ojú oórì náà. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Ìyá mi kò tú ẹrù kankan. Ìta ni wọ́n ti ń dáná.

Nígbà tó di àárọ̀ Sátidé, àwọn lébìrà ti gbé dígà sọ́wọ́ nígbà tí ìyá arúgbó kan sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ Òkukù pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Ìyàwó olóògbé ni. Ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin wọn ní Òkukù ni wọ́n ti ń gbé láti ìgbà tí ara wọn kò ti yá. Àwọn aládùúgbò ti ń pé jọ, nítorí gbogbo ayé rò pé ìjà dé. Ìyá mi pàápàá ti so ìró wọn le dáadáa.

Màmá náà kí wa, a dáhùn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ewé máńgòrò kúrò lórí ojú oórì, díẹ̀díẹ̀, nítorí ẹ̀yìn ń dùn wọ́n. Lẹ́yìn náà ni wọ́n jókòó sí etí rẹ̀, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ lu sìmẹ́ǹtì náà lẹ́ẹ̀mẹta.

"Bàbá àwọn ọmọ, èmi ni. Ọmọ yín ti ta ilé o. Ẹ má bínú sí i, àìsàn mi ló gba gbogbo ohun tó ní. Tíṣà kan láti Ìkìrun ló rà á. Ìyàwó rẹ̀ ló dúró yìí, ó jọ ẹni tó mọ ilé tọ́jú. Ọmọ mẹ́rin ni wọ́n bí, èyí tí kò léyín yẹn wà lára wọn. Àwọn ló nilé báyìí, kì í ṣe àwa mọ́, gbogbo àdúgbò ń gbọ́ mi. Wọ́n fẹ́ gbé yín kúrò lónìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣòro fún wọn."

Wọ́n dìde. Wọ́n ní, "Ó yá, ẹ máa gbẹ́ ẹ," wọ́n sì kọjú sí ojú irin kí wọ́n má bàa rí i.

Ìyá mi rìn lọ bá màmá náà, wọ́n gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ wọn, wọ́n gbá apá ibi tó kù. Wọ́n wá yíjú sí àwọn lébìrà.

"Ẹ máa lọ ilé yín. A ti mọra wa."

Lọ́jọ́ yẹn ni wọ́n gbé ìkòkò wọ ilé ìdáná tiwọn. Màmá Òkukù sì bá wa jẹun.

Ohun tí ìyá mi bẹ̀rù ṣẹ o. Lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan, àbúrò ẹni tó ta ilé fún wa ti òkè Ọya dé, ó ní ilé bàbá òun ni. Màmá ṣì wà láyé. Wọ́n wọ ọkọ̀ wá, wọ́n ní, "Mo ti sọ fún bàbá rẹ níṣojú gbogbo àdúgbò. Ó yá, ìwọ náà lọ sọ tìrẹ fún un." Ọ̀gbẹ́ni dọ̀bálẹ̀, ó jẹ iyán, ó lọ. Nígbà tí màmá kú, ìyá mi, tó ní kí wọ́n hú ọ̀kan, ló tún ní kí wọ́n wá sin ìkejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ wọn. Bàbá mi àti ìyá mi náà wà níbẹ̀ báyìí. Mẹ́rin ló wà lábẹ́ igi máńgòrò náà.

Ayé ti yí. Oko àgbàdo ẹ̀yìn ilé ti di ilé, mi ò sì gbọ́ fèrè rélùwéè mọ́. Ẹ́sítéètì ni àwọn ọmọ mi ń gbé ní Òṣogbo, gbogbo ilé ibẹ̀ jọra, òfin sì ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sin òkú síbẹ̀. Ó mọ́ tónítóní, mi ò purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n mo bi wọ́n léèrè ẹni tó wà lórí ilẹ̀ náà kí wọ́n tó dé, kò sẹ́ni tó mọ̀. Wọ́n ní kí n ta ilé Inísà kí n máa bọ̀ lọ́dọ̀ àwọn, pé apá mi kò lè máa fa omi kànga mọ́. Òótọ́ ni. Ó dùn mí, mo sì gbà.

Lóṣù tó kọjá, tọkọtaya kan wá wò ó. Ọkọ ń tún fóònù ṣe ní Ìkìrun, ìyàwó pọn ọmọ. Ẹ́jẹ́ǹtì ti kìlọ̀ fún mi pé kí n da iyanrìn bo ojú oórì, kí oníbàárà má bàa sá. N kò bo nǹkan kan. Ọmọbìnrin tó pọn ọmọ náà dúró lẹ́bàá ọ̀dẹ̀dẹ̀, ibi tí ìyá mi dúró sí gan-an, kò wọlé.

Mo mú ìgbálẹ̀. Mo gbá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo jókòó, mo lu sìmẹ́ǹtì lẹ́ẹ̀mẹta. "Ìyá mi, èmi ni. Mo fẹ́ ta ilé o." Mo sọ iṣẹ́ ọkọ fún wọn, mo sọ ti ìyàwó tó pọn ọmọ, mo sì mú ìgbálẹ̀ kí n dìde.

Ọmọbìnrin náà bọ́ bàtà rẹ̀, ó tú ọmọ sílẹ̀ lẹ́yìn, ó wá jókòó tì mí.

"Màmá," ó ní, "ẹ ò tíì sọ orúkọ ọmọ mi fún wọn."