Àdúrà Mílíọ̀nù Kan Lé Mẹ́ta

Olùkọ́ ìṣirò ni bàbá mi kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ìṣirò ò sì fi wọ́n sílẹ̀ rí. Nígbà tí àwọn àna mi ránṣẹ́ láti Àtàn pé àwọn ń bọ̀ wá tọrọ mi, agbádá tuntun ni bàbá ẹlòmíì ì bá máa wá. Bàbá tèmi ń wá nọ́ńbà.

Wọ́n ní àdúrà tí gbogbo èèyàn ń ṣe fún ìyàwó ti di àkọ́sórí, àwọn fẹ́ ṣe èyí tí ẹnikẹ́ni ò ṣe rí. Nọ́ńbà ńlá tí kò ṣe é pín ni wọ́n fẹ́ fi ṣe é, èyí tó jẹ́ pé ohunkóhun tó o bá fi pín in, ó gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù, àfi tó o bá fi oókan tàbí òun fúnra rẹ̀ pín in. Wọ́n mú mílíọ̀nù kan lé mẹ́ta. Nínú pálọ̀ wa ní Ìjù, wọ́n ń fi bírò pín in lójoojúmọ́, èmi ń fi fóònù yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n ní kò sídìí láti kọjá ẹgbẹ̀rún kan, torí bí nọ́ńbà méjì bá wà tí a lè fi ọ̀kan sọ èkejì di púpọ̀ kó fún wa ní nọ́ńbà yìí, èyí tó kéré ò lè ju ẹgbẹ̀rún lọ. Lọ́jọ́ tí a pín in tán tí kò sí èyí tó wọ̀ ọ́, bàbá mi ra mínírà fún gbogbo ilé.

Ọjọ́ pé. Mo kúnlẹ̀, bàbá mi gbé ọwọ́ lé mi lórí. Àwọn àlejò ń retí ibi tí wọ́n máa ṣe àmín sí.

"Mílíọ̀nù kan," ni bàbá mi wí, "kò sóhun tó rọrùn bíi ká pín in. Èjì pín in, àrún pín in. Ṣùgbọ́n ẹ wá fi ẹ̀ta lé e..."

Ẹnì kan ṣe àmín. Ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi bá bú sẹ́rìn-ín. Bàbá mi ò tiẹ̀ gbọ́. Wọ́n ti dé orí ẹgbẹ̀rún kan, wọ́n ń ṣàlàyé ìdí tí a fi dúró níbẹ̀. Mo gbọ́ tí bàbá ọkọ mi wúkọ́. Ojú tì mí débi pé etí mi gbóná. Ohùn mi ròkè ju bí mo ṣe fẹ́ lọ:

"Ẹ jọ̀ọ́, Dádì, ẹ ṣàdúrà!"

Wọ́n gbé ìṣirò náà tì. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí Ọlọ́run jẹ́ kó yẹ wá, ká bí tako-tabo. Àmín wá dún gan-an.

Nígbà tí àwọn àlejò ń lọ, ọkọ mi fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́nu géètì. "Kí ni Dádì fẹ́ sọ ná?"

Mo mọ̀ ọ́n. Ohun tó kù kí wọ́n sọ ni pé, bí ohunkóhun ò ṣe lè pín nọ́ńbà yìí, kí ohunkóhun má lè pín èmi àti ọkọ mi. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu wọn títí mo fi mọ̀ ọ́n sórí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín obìnrin yẹn ò tíì kúrò létí mi.

"Jọ̀ọ́, má dá wọn lóhùn," mo fèsì. "Ìṣirò lásán ni."

Mi ò mọ̀ pé bàbá mi wà lẹ́yìn wa, tí wọ́n ń to àwọn àga tí a háyà. Wọ́n gbé èyí tó wà lọ́wọ́ wọn kalẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín sí ọkọ mi.

"Òótọ́ ló sọ, ọmọ mi. Ìṣirò lásán ni."